Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wa ń lo nọ́ńbà fóònù kan ṣoṣo, 2147483647. Ta ló ni ín?

Akọ̀wé_Àjọni (Ìbàdàn), ọjọ́ Ajé, 7:48 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan níbí. A ó tó ọgọ́sàn-án èèyàn. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣe wẹ́ẹ̀bù fún wa ká lè bọ́ lọ́wọ́ ìwé ńlá tí eku ń jẹ. Kálukú kọ orúkọ, àdírẹ́ẹ̀sì àti nọ́ńbà fóònù sínú fọ́ọ̀mù, èmi ni mo sì jókòó tẹ gbogbo rẹ̀ wọlé fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì. Àná ni mo fẹ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìpàdé ránṣẹ́ sí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ṣí ibi tí nọ́ńbà wà. 2147483647. Mo wo ti ẹni tó tẹ̀ lé e. 2147483647. Mo fà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá, òun náà ni. Tèmi gan-an ti dà bẹ́ẹ̀!

Bàbá kan péré ni tirẹ̀ yàtọ̀. Bàbá yẹn ò kọ nọ́ńbà fóònù alágbèéká, nọ́ńbà tẹlifóònù ilé àtijọ́ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 02 ni wọ́n kọ. Tiwọn wà níbẹ̀, àmọ́ odo iwájú ti fò lọ.

Ọmọ tó ṣiṣẹ́ náà ti lọ sókè òkun, kò gbé ìpè wa mọ́. Igbákejì alága ní kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan, pé nọ́ńbà àwọn ọmọ Yahoo ni. Ta ló ni nọ́ńbà yìí? Ṣé kí n pè é ni?


Alhaja_Òwò, 8:05 àárọ̀

Ẹ má pè é o! Wọ́n ti wọ inú ilé yín. Ẹ pààrọ̀ pásíwọ̀ọ̀dù kíá, kí ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn èèyàn yín kí wọ́n má fún ẹnikẹ́ni ní kóòdù báǹkì wọn. Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò mi.


Dáyọ̀_Texas, 8:31 àárọ̀

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o. Tí èèyàn bá wò ó bí a ṣe ń kọ nọ́ńbà níbí, ti ìlú Dallas ló jọ, torí 214 iwájú yẹn, kóòdù Dallas ni. Ṣùgbọ́n èyí ò sọ pé ará Dallas ló jí nǹkan yín. Tí ẹnì kan bá tilẹ̀ wà lórí laini yẹn, á ti jìyà ìpè tí kì í ṣe tirẹ̀ tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi tiyín kún un.


KóòdùBọ́ọ̀sì, 9:10 àárọ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ fara balẹ̀. Kò sí ọmọ Yahoo níbẹ̀. Nọ́ńbà yìí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ọgangan ibi tí àpótí ti kún ni.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí rèé. Tí a bá ń ṣe dátábéèsì, a gbọ́dọ̀ sọ fún un irú nǹkan tí kọ́lọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan máa gbà. Ọmọ yẹn rí i pé nọ́ńbà fóònù ń jẹ́ "nọ́ńbà", ló bá kọ INT síbẹ̀, ìyẹn àpótí tó ń gba odidi nọ́ńbà nìkan. INT ò lè gbà ju 2,147,483,647 lọ. Ẹ wá wo nọ́ńbà tiwa: 080, 081, 070, 090, 091. Ẹ yọ odo iwájú, ó di bílíọ̀nù mẹ́jọ àti jù bẹ́ẹ̀, tàbí méje, tàbí mẹ́sàn-án. Kò sí èyí tó lè wọlé. MySQL, ìyẹn ohun èlò tó ń tọ́jú dátábéèsì, tí wọn ò bá tò ó kó le koko kì í pariwo, á kàn kọ èyí tó tóbi jù tí ọwọ́ rẹ̀ gbà, á sì ní ó tán. Láti ẹ̀dà 5.7 ló ti máa ń kọ̀ jálẹ̀ fúnra rẹ̀, ó dájú pé ẹnì kan ti pa ìkìlọ̀ yẹn lọ́dọ̀ tiyín.

Ti bàbá yẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dá mi lójú. Nọ́ńbà 02 kúrú, ó wọ inú àpótí. Odo iwájú sì lọ torí pé lójú òǹkà, 02 àti 2 ò yàtọ̀.


Ọmọ_Fásitì, 9:26 àárọ̀

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Àtúnṣe rẹ̀ ò le rárá. Ẹ yí i sí INT UNSIGNED, ìyẹn INT tí kì í gba nọ́ńbà tó kéré sí odo, àyè á di ìlọ́po méjì, ó parí.


Ìyá_Dátà, 9:40 àárọ̀

Àbúrò, ó kù díẹ̀. Ìlọ́po méjì yẹn máa dé 4,294,967,295. Nọ́ńbà tó kéré jù nínú tiwa, ìyẹn 070, ti lé ní bílíọ̀nù méje. Tí akọ̀wé bá ṣe ohun tí o wí, gbogbo ẹgbẹ́ á kàn pààrọ̀ láti 2147483647 sí 4294967295 ni.

BIGINT, ìyẹn INT tí àpótí rẹ̀ tóbi gan-an, máa gbà á, àmọ́ odo á ṣì fò lọ, ẹni tó bá sì kọ +234 á ba ìtò jẹ́. Nọ́ńbà fóònù kì í ṣe nọ́ńbà. Ta ló ti rò nọ́ńbà fóònù méjì pọ̀ rí? Ọ̀rọ̀ ni, bí orúkọ. VARCHAR, àpótí tó ń gba ọ̀rọ̀, ni kí ẹ lò.

Èyí tó dùn mí ni pé àwọn tó ti sọnù ò lè padà wá láti inú kọ̀ǹpútà. Akọ̀wé, ṣé fọ́ọ̀mù bébà ṣì wà?


Akọ̀wé_Àjọni, 12:17 ọ̀sán

Fọ́ọ̀mù wà, Ọlọ́run ṣeun. Ó wà nínú báàgì Ghana-must-go lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ìyàwó mi ti fẹ́ fi í dáná lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ ṣeun, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ń jẹ mí lọ́kàn. Kí ló dé tó fi jẹ́ nọ́ńbà tó rí wúruwùru báyìí? Tí wọ́n bá fẹ́ fi òté sí i, kí ló dé tí wọn ò fi í sí bílíọ̀nù méjì géérégé?


Awo_Òṣogbo, 1:02 ọ̀sán

Akọ̀wé, ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí mò ń lò lójoojúmọ́ ṣàlàyé.

Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní èso mẹ́jọ, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Tí mo bá jù ú sílẹ̀, èso kọ̀ọ̀kan lè ṣíjú sókè tàbí kó dojú bolẹ̀. Kò sí ìkẹta. Èso kan, ọ̀nà méjì. Èso méjì, mẹ́rin. Èso mẹ́ta, mẹ́jọ. Tó bá fi máa pé mẹ́jọ, ọ̀nà 256 ti wà níbẹ̀, òun náà ni iye Odù, 16 ní ọ̀nà 16. Babaláwo tó kọ́kọ́ kọ́ mi ò mọ ìwé, àmọ́ ó mọ̀ pé 256 ni, kò lé, kò dín.

Kọ̀ǹpútà náà ò ní ju ìṣíjú àti ìdojúbolẹ̀ lọ. INT yín yẹn dà bí ọ̀pẹ̀lẹ̀ mẹ́rin tí a so pọ̀, èso 32. 256 × 256 × 256 × 256, ó jẹ́ 4,294,967,296. Wọ́n wá mú èso kan nínú rẹ̀ kó máa sọ bóyá owó ni tàbí gbèsè. Èso 31 ló kù fún kíkà. Ìdajì nìyẹn, 2,147,483,648. Nítorí pé odo náà gba àyè kan, èyí tó ga jù ni 2,147,483,647. Lójú kọ̀ǹpútà, òun gan-an ló rí géérégé: gbogbo èso ṣíjú sókè. Bílíọ̀nù méjì ló rí wúruwùru lójú tirẹ̀.


Alhaja_Òwò, 1:15 ọ̀sán

Ṣé dandan ni kí ẹ mú Ifá wọ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà? Àwa kan wà níbí tí a ò fẹ́ irú rẹ̀ o.


Awo_Òṣogbo, 1:19 ọ̀sán

Alhaja, ẹ má bínú. Mi ò dá Ifá fún ẹnikẹ́ni. Èso ni mo kà. Ẹ fi kọ́bọ̀ mẹ́jọ rọ́pò rẹ̀, iye kan náà ló máa fún yín.


Alhaja_Òwò, 1:22 ọ̀sán

Kọ́bọ̀ dáa o. Ó yé mi báyìí.


Tíṣà_Ìṣirò (Ìjẹ̀bú-Òde), 4:50 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n nọ́ńbà yìí ti jẹ́ ọ̀rẹ́ mi kí kọ̀ǹpútà tó wọ ilé mi, torí náà ẹ gbà mí láyè.

Ẹ mú 1. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì: 2. Ẹ tún un ṣe: 4, 8, 16, 32. Tí ẹ bá ṣe é nígbà 31, ẹ ó bá 2,147,483,648 pàdé. Ẹ yọ ẹyọ kan kúrò. Nọ́ńbà akọ̀wé nìyẹn.

Ohun tí kọ̀ǹpútà ò sọ fún yín ni pé nọ́ńbà yìí kò ṣeé pín. Yàtọ̀ sí 1 àti òun fúnra rẹ̀, kò sí odidi nọ́ńbà kankan tó lè pín in tí nǹkan kan ò ní ṣẹ́ kù. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pe irú wọn nínú ìwé. (Èmi ò fẹ́ràn orúkọ yẹn, àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń rò pé 1 ni mò ń sọ.) Ẹ dán an wò. Ẹ ro àwọn ẹyọ rẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ 46. 3 ò pín 46, nítorí náà 3 ò pín òun náà. Ẹ fi 7 pín in, á ṣẹ́ ku 1. 11, á ṣẹ́ ku 1. 13, á ṣẹ́ ku 10.

Ibo la máa dánwò dé ká tó lè búra? 46,340. Ìdí ni pé tí a bá fi nọ́ńbà méjì sọ ara wọn di púpọ̀ tó sì jẹ́ òun, ọ̀kan nínú wọn ò ní ju 46,340 lọ, torí 46,341 × 46,341 ti jẹ́ 2,147,488,281, ó ti gbà á kọjá. Kódà tí a bá mú àwọn tí kò ṣeé pín nìkan nínú gbogbo nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ 46,340, wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Ta ló fẹ́ fọwọ́ pín in lẹ́ẹ̀mejì ẹgbẹ̀rún méjì?

Leonhard Euler ló mọ ọgbọ́n tó dá a. Ọmọ Switzerland ni, ó ń gbé ní St. Petersburg. Nígbà tó kọ lẹ́tà nípa rẹ̀ sí Bernoulli, onímọ̀ ìṣirò bíi tirẹ̀, lọ́dún 1772, ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán. Ó mọ̀ pé kì í ṣe ohunkóhun ló lè pín irú nọ́ńbà yìí. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó bá máa pín in, tí a bá fi 248 pín òun náà, ó gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ku 1 tàbí 63. Èyíkéyìí tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, má wulẹ̀ dán an wò. Báyìí ni iṣẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún di ìpín tí kò ju 372 lọ. Pàápàá nínú 372 yẹn, ọ̀pọ̀ ló ṣeé jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kíá: 63 fúnra rẹ̀ ṣeé pín, 249 náà ṣeé pín. Àkọ́kọ́ tó tó ìyà jẹ ni 311. Mo jókòó ní ọ̀sán yìí mo fi ẹ̀yìn káàdì ìpè ìgbéyàwó ṣe é: 311 wọ inú rẹ̀ nígbà 6,905,092, ó ṣẹ́ ku 35. Èyí tó tẹ̀ lé e ni 1,303. Ó ṣẹ́ ku 226. Ibẹ̀ ni mo ti lọ jẹun.

Euler ò lọ jẹun. Ó ṣe é dé òpin, kò sì rí èyí tó pín in. Láti ìgbà yẹn, fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí nọ́ńbà tó tóbi jù ú lọ tí ọmọ aráyé mọ̀ dájú pé kò ṣeé pín.


Ọmọ_Fásitì, 5:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣeun, sà. Mo rántí: tí iye ìgbà tí a ṣe ìlọ́po méjì bá ti jẹ́ èyí tí kò ṣeé pín, bíi 31, tí a bá yọ 1, èsì rẹ̀ náà ò ní ṣeé pín. 2, 3, 5, 7 ló fún wa ní 3, 7, 31, 127. Gbogbo wọn bá òfin mu.


Tíṣà_Ìṣirò, 5:33 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ mi, ṣe tẹ̀ lé 7. Ṣe 11.


Ọmọ_Fásitì, 5:41 ìrọ̀lẹ́

2,048 yọ 1. 2,047. Kò wọ 3... kò wọ 7... Áà. 23 × 89. Ẹ má bínú, sà.


Tíṣà_Ìṣirò, 6:02 ìrọ̀lẹ́

Má tọrọ àforíjì. Àwọn tó jù ọ́ lọ ti já sínú kòtò yẹn. Cataldi, onímọ̀ ìṣirò ará Bologna ní Italy, kọ ọ́ pé 23, 29 àti 37 máa bọ́ sí i pẹ̀lú 31. Ó ṣìnà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tí a bá lo 23, a ó rí 8,388,607, òun sì ni 47 × 178,481. Mersenne, àlùfáà ilẹ̀ Faransé tí a fi orúkọ rẹ̀ pe irú nọ́ńbà wọ̀nyí, tẹ ìlà tirẹ̀ jáde lọ́dún 1644. Ó fi 67 àti 257 kún un, wọn ò yẹ níbẹ̀. Ó gbàgbé 61, 89 àti 107. Ṣùgbọ́n 31 wà nínú ìlà Cataldi, ó wà nínú ìlà Mersenne, Euler ló wá fi ẹ̀rí tì í.

Tún wo ohun tí o rí: 23 àti 89. Fi 11 pín 22, fi 11 pín 88. Àwọn méjèèjì fi ẹyọ kan lé ìlọ́po 22. Èyí gan-an ni ọgbọ́n Euler. Ti 31, ìlọ́po 62 ló máa jẹ́.

Ó tún bí ọmọ kan. Ẹ mọ 6: àwọn tó pín in tó kéré jù ú lọ ni 1, 2 àti 3, ẹ rò wọ́n pọ̀, 6 náà ni. 28 náà rí bẹ́ẹ̀: 1, 2, 4, 7, 14. Nọ́ńbà pípé la ń pè wọ́n. Ẹ mú nọ́ńbà akọ̀wé, ẹ fi 1,073,741,824 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí 2,305,843,008,139,952,128. Òun ni ìkẹjọ nínú àwọn nọ́ńbà pípé. Lọ́dún 1811, Peter Barlow ní England kọ ọ́ pé kò sí ẹni tó máa rí èyí tó ju èyí lọ láéláé, torí pé wọn ò wúlò fún nǹkan kan, kò sí ẹni tó máa yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ọdún 1876 ni Lucas, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fọwọ́ ṣe é dé ìlọ́po méjì nígbà 127. Ẹyọ 39 ni gígùn nọ́ńbà tí kò ṣeé pín tó rí.


Bàbá_Ìwé, 6:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin èèyàn ń pe bílíọ̀nù, bílíọ̀nù. Ta ló lè fi Yorùbá kà á?

Owó ẹyọ la fi ń ka nǹkan tó pọ̀ láyé àtijọ́. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000. Mílíọ̀nù kan jẹ́ àádọ́ta ọ̀kẹ́, gbogbo yín mọ èyí. Mo jókòó pín in: ọ̀kẹ́ 107,374 ló wà nínú nọ́ńbà akọ̀wé, ó wá ku 3,647. Ìyẹn egbèjìdínlógún ó lé mẹ́tàdínláàádọ́ta. Tí ẹnì kan bá fẹ́ kó o lówó ẹyọ, kó lọ wá alábàárù ọ̀kẹ́ kan ọ̀kẹ́ kan tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún.

Bẹ́ẹ̀ ni, tiwa tún fẹ́ràn yíyọ. Mẹ́tàdínláàádọ́ta, 50 ó dín 3. Nọ́ńbà tí wọ́n ń jà lé lórí yìí náà, yíyọ ẹyọ kan ló sọ ọ́ di ohun tó dà. Ará wa ni.


Dáyọ̀_Texas, 9:15 alẹ́

Bàbá_Ìwé ti pa mí lẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Ní oṣù Kejìlá 2014, iye ìgbà tí wọ́n wo fídíò olórin Kòríà kan lórí YouTube fẹ́ gba nọ́ńbà yìí kọjá, ni wọ́n bá gbé òǹkà wọn lọ sí èyí tó lè dé 9,223,372,036,854,775,807. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ tún ń ka àsìkò ní ìṣẹ́jú-àáyá láti ìbẹ̀rẹ̀ 1970. Nọ́ńbà akọ̀wé máa pé lọ́jọ́ 19 oṣù Kìíní 2038, ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú 14 àti àáyá 7 ìdájí Nàìjíríà. Èyí tó bá ṣì ń lo èso 32 lọ́jọ́ náà máa rò pé ó ti padà sí 1901.

Èyí tó gùn yẹn náà ni kò ṣeé pín, àbí?


Tíṣà_Ìṣirò, 9:48 alẹ́

Rárá o. Ìlọ́po méjì nígbà 63 ló dá a, 63 sì ṣeé pín. O ò nílò ẹ̀rọ ìṣirò láti rí i. 2 × 2 × 2 jẹ́ 8. Mẹ́ta mẹ́ta nígbà 21 ni 63, nítorí náà 8 tí a sọ di púpọ̀ nígbà 21 la ní. 8 tí a fi 7 pín, ó ṣẹ́ ku 1. 8 × 8, ó ṣẹ́ ku 1. Títí dé òpin, 1 náà ló máa ń ṣẹ́ kù. Yọ 1 yẹn, kò ṣẹ́ ku nǹkan kan. 7 ti pín in.


Ìyá_Dátà, 10:30 alẹ́

Ẹ má bínú pé mo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ wá sí orí owó. Ọkàn mi ò balẹ̀.

Akọ̀wé, ọmọ tó fi INT sí fóònù, kí ló fi sí owó? Àwa tí a ń kọ nǹkan owó kì í sábà kọ náírà, kọ́bọ̀ la máa ń kọ, kí ìdá má baà dà á rú. Tó bá jẹ́ kọ́bọ̀ ni, tó sì tún jẹ́ INT, òté rẹ̀ ni ₦21,474,836.47. Owó ẹnì kọ̀ọ̀kan ò lè dé ibẹ̀. Ti gbogbo ẹgbẹ́ ńkọ́?


Akọ̀wé_Àjọni, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:26 ìdájí

Mi ò sùn.

Mo rí ohun tí Ìyá_Dátà kọ lóru, mo ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́ níbi tó ti kọ "Àpapọ̀ owó ẹgbẹ́". ₦21,474,836.47 ló wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ tẹ́lẹ̀. Láti bí oṣù mẹ́ta ni ìjà ti wà nínú ẹgbẹ́ wa. Akápò wa, ìyá kan tó ń ta aṣọ, ní ìwé òun fi hàn pé owó ẹgbẹ́ ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́tàlélógún. Wẹ́ẹ̀bù ní mílíọ̀nù mọ́kànlélógún àti díẹ̀, kò sì lọ sókè mọ́ láìka bí a ṣe ń dá owó. A yá ẹnì kan ní ₦400,000, ó sọ̀ kalẹ̀ sí 21,074,836.47. Oṣù tó tẹ̀ lé e a dá owó, ó gòkè padà, ó tún dúró sí 21,474,836.47 gan-an. Àwọn kan ní ìyá yìí ń kọ owó tí kò sí sínú ìwé láti bo ohun tó ti jẹ mọ́lẹ̀. Èmi náà ò gbè é lẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà kì í parọ́, mo sọ bẹ́ẹ̀.


Alhaja_Òwò, 6:10 àárọ̀

Subhanallah. Àmọ́ akọ̀wé, ẹ má tíì dá a láre pátá o. Àpótí kíkún ò sọ iye tó wà níta àpótí. Ó lè jẹ́ 22, ó lè jẹ́ 25. Ẹ lọ ka owó.


KóòdùBọ́ọ̀sì, 7:00 àárọ̀

Alhaja sọ òótọ́, ó sì ṣeé kà. Iye ọ̀kọ̀ọ̀kan kéré, kò sí èyí tó kan òté, nítorí náà wọ́n pé. Àpapọ̀ nìkan ló bàjẹ́. Akọ̀wé, ẹ má fọwọ́ kan àpapọ̀ yẹn. Ẹ ṣe ẹ̀dà dátábéèsì náà kọ́kọ́, kí ẹ wá ní kó fi SUM ro gbogbo owó tó wọlé, kó yọ gbogbo èyí tó jáde. Mo ti fi ìlà kóòdù rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín ní ìkọ̀kọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ kọ́lọ́ọ̀mù owó di BIGINT.


Ìyá_Dátà, 7:12 àárọ̀

DECIMAL, tó ń kọ náírà pẹ̀lú kọ́bọ̀ lẹ́yìn àmì, ni kí wọ́n lò, kì í ṣe BIGINT. Ẹni tó bá máa tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀ lè má mọ̀ pé kọ́bọ̀ ni.


KóòdùBọ́ọ̀sì, 7:15 àárọ̀

Mo gbà. DECIMAL.


Akọ̀wé_Àjọni, 11:54 àárọ̀

Mo ti ṣe é. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó mọ̀ ọ́n ló bá mi tẹ̀ ẹ́. ₦23,918,450.00. Mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù akápò nínú ọjà, mo ní kí wọ́n ṣí ìwé wọn fún mi, mi ò tíì sọ nǹkan kan. Pẹ́ńsù wọn, àwọ̀ búlúù, ìlà tó kẹ́yìn lójú ìwé: 23,918,450. Báǹkì ló kù, a jọ ń lọ lọ́la kí Alhaja lè sùn.

Mo ṣàlàyé fún wọn. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Akọ̀wé, mo sọ fún yín nípàdé oṣù kẹta. Mo ní ẹgbẹ́ wa ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, márùn-ún-márùn-ún ọgọ́rùn-ún náírà la ń dá. Mo bi yín pé kọ́bọ̀ mẹ́tàdínláàádọ́ta yẹn, ta ló mú un wá?"

Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Mo lọ wo ìwé ìpàdé ọjọ́ náà, èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìpàdé. Mo máa gbé báàgì fọ́ọ̀mù dání, màá sì kọ́kọ́ dìde tọrọ àforíjì kí a tó ka ìwé ìpàdé.